Pípààrọ̀ tíríígà ìbọn

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè láti bá àwọn tó ń pààrọ̀ tíríígà, irin tí ìka ń fà, lára ìbọn tí ń ki ọta fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ó fúyẹ́ láti fà nìkan ni ọ̀pọ̀ ń wá. Lóòótọ́, tíríígà tó bá AR-15, ọ̀kan lára irú ìbọn bẹ́ẹ̀, wá sábà máa ń le, ó sì ń ha bí ìlẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n èmi fara mọ́ èyí tó ní ìpele méjì, níbi tí ìka ti kọ́kọ́ ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, tí yóò wá kan ìdènà kí ìbọn tó dún. Tíríígà tó gba agbára pọ́n-ùn 4 láti fà sàn ju ti 2 lọ lọ́wọ́ ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn títò ó, kí a rí i pé ìbọn ṣófo, kí a fa òòlù inú rẹ̀, irin tí tíríígà ń tú sílẹ̀ kí ìbọn tó dún, sẹ́yìn kó há, kí a sì gbá ìdí ìbọn: bí òòlù náà bá já fúnra rẹ̀, ẹ dá tíríígà náà padà fún ẹni tó tà á.