Ẹ̀sùn lórí ilé ìkàwé ìlú wa: lẹ́tà kẹfà rèé

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-Iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo kí yín torí pé bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Inú mi ò dùn rárá.

Ẹ̀yin ni a gbé iṣẹ́ fún láti tún ilé tí a fẹ́ sọ di ilé ìkàwé ìlú ṣe. Nọ́ńbà iṣẹ́ náà wà nínú fáìlì yín. Rìsíìtì owó tí a san wà níbẹ̀, lẹ́tà márùn-ún tí mo ti kọ ṣáájú èyí náà wà níbẹ̀. Mi ò ní tún gbogbo rẹ̀ rò. Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ yín sọ sí mi lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín gbọ́, torí mi ò gbà pé ó ti dé etí yín.

Mo pè ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n ní kí n dúró, mo dúró títí owó orí fóònù mi fi tán. Mo ra káàdì míì, mo tún pè. Ọmọkùnrin tó gbé e kò bi mí ní orúkọ. Mo ṣàlàyé fún un pé ilẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ ní ẹ ti tún ṣe ń dún tí a bá rìn lórí rẹ̀, a ò sì tíì gbé ìwé ẹyọ kan débẹ̀. Mo ní ẹnjiníà tí ẹ ṣèlérí fún wa láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kò tíì yọjú. Ó ní: "Màmá, ìwé lásán náà lẹ fẹ́ kó síbẹ̀, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Ẹ máa kó o síbẹ̀ jàre." Ló bá pa fóònù mọ́ mi létí.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe tíṣà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ilẹ̀ tó ń dún lọ.

Ilé-iṣẹ́ yín gan-an ló kọ́ wa pé ìwé kì í ṣe ohun fífúyẹ́. Ẹnjiníà yín àkọ́kọ́, tó mọ̀wàhù, jókòó tì wá nínú ilé náà, ó ṣírò rẹ̀ lójú wa. Ó ní ilẹ̀ òkè ilé gbígbé, nǹkan bí 200 kílò ni wọ́n máa ń ṣe é láti gbé lórí mítà kan níbùú lóròó, ṣùgbọ́n ibi tí a bá to ìwé sí gbọ́dọ̀ lè gbé nǹkan bí 730. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ìyẹn ló mú ká gbà láti san owó irin àti òpó tí ẹ pè fún wa. Ìsàlẹ̀ ilé náà máa ń rin tí òjò bá pọ̀, kò síbòmíràn tí ìwé lè wà ju òkè lọ.

Ilé mẹ́ta ni a wò kí a tó mú èyí. Kóòtù àtijọ́ jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́, ariwo ọjà kò sì ní jẹ́ kí ọmọ kàwé ní ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ ilé kejì. Ilé kẹta yìí, ilé oníṣòwò kòkó àtijọ́, wà láàárín ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì, ògiri rẹ̀ nípọn, ooru kì í mú nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni a fi bẹ ẹbí tó ni ín. Àbúrò wọn obìnrin ló fọwọ́ síwèé kẹ́yìn. Ó ní ohun tí òun ń fẹ́ kò ju kí àwọn ọmọ máa kàwé nílé bàbá òun. Gbogbo ìparí oṣù ló ń pè mí láti béèrè bóyá a ti ṣí i. Mi ò mọ ohun tí mo tún máa sọ fún un.

Ẹ ní ẹnjiníà yóò wá lỌ́jọ́ Ajé, a dúró, a ò rí ẹnikẹ́ni. Ẹ tún dá Ọjọ́rú. Lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà ìlú jókòó láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì ọ̀sán. Baálé ẹbí tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún wà lára wọn. Kò sẹ́ni tó pè láti ní ẹ má bínú. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́, wọ́n ní kí n pè. Mo pè, wọ́n ní kí n wá. Mo wọ mọ́tò wá sí ọ́fíìsì yín, wọ́n ní ọ̀gá wà ní mítìn, kí n padà lọ fi ímeèlì ránṣẹ́.

Páálí ìwé 43 tí àwọn ọmọ ìlú fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù àti Houston wà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ikán ti wọ méjì nínú rẹ̀.

Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé náà ga sókè jù. Ọmọ wa kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara kò lè gùn ún láìjẹ́ pé ènìyàn méjì tì í. Bí a bá gòkè ẹsẹ̀ bàtà 1, ó yẹ kí gígùn rẹ̀ tó 12. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lóṣù kìíní ọdún 2019 fún ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣàtúnṣe. Ọdún 5 náà ti pé.

Mo fún yín ní ọjọ́ 14. Ẹ rán ẹnjiníà wá kó yẹ ilẹ̀ náà wò, kó kọ ìwọ̀n tó lè gbé sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ tún ọ̀nà iwájú ṣe. Kí ọmọkùnrin yẹn pè mí, kó tọrọ àforíjì. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ìwé ẹ̀sùn wa yóò dé COREN, àjọ tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà, àti FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, agbẹjọ́rò tó jẹ́ ọmọ ìlú wa yóò sì gba owó wa padà ní kóòtù. Ó ti kọ ìwé náà tán, ọjọ́ nìkan ló kù kó fi sí i.

Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ilé náà wà. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá wá, ẹ máa bá mi níbẹ̀.

Èmi ni,
Akọ̀wé, Ìgbìmọ̀ Ilé Ìkàwé Ìlú