Ẹ̀sùn lórí àtúnṣe iná ọkọ̀ Volkswagen mi ti ọdún 1969

Sí Ọ̀gá Àgbà Iléeṣẹ́,

Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n,

Mo ń kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹjọ́ iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ yín ṣe sí ọkọ̀ mi sùn yín, àti láti gba owó sítátà (mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnì kí ó lè ṣíná) àti kọ́ọ̀lù tí ẹ tà fún mi padà, nítorí pé kò sí ohun tó ṣe àwọn tó wà lára ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Volkswagen ọdún 1969 ni, irú èyí tí à ń pè ní Ìjàpá, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e wá sọ́dọ̀ yín láàárín oṣù méjì, ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ni mo sì wá tìfẹ́tìfẹ́.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, iná ọkọ̀ náà kò ní àrùn kankan. Abẹ́ rẹ̀ tó ti ń dípẹtà ni mo ní kí ẹ bá mi họ, kí ẹ sì kùn ún ní ọ̀dà dúdú, ọ̀dà náà sì dán, ó dọ́gba, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo gbà á tí ṣíṣíná ọkọ̀ fi di ìjàkadì. Bí ẹ́ńjìnì bá tutù, sítátà á máa yí i bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn, á sì gbiná lẹ́yìn ìgbìyànjú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, màá yí kọ́kọ́rọ́, màá gbọ́ “kọ́” ẹyọ kan láti ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́. Síbẹ̀ iná iwájú ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣókùnkùn nígbà tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀, èyí tó yẹ kó ti jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ fura pé iná wà nínú bátìrì, pé ọ̀nà tó ń gbà dé ìdí sítátà tàbí èyí tó ń gbà padà ni kò dán mọ́rán.

Nígbà tí mo gbé e wá lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pààrọ̀ bátìrì, wàhálà náà kò sì kúrò. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ pààrọ̀ sítátà, ẹ sì fi kọ́ọ̀lù tuntun lé e. Títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, n kò rí ohun tó kan kọ́ọ̀lù nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì tí kò yí, nítorí pé iná tí púlọ́ọ̀gì fi ń ṣáná ni kọ́ọ̀lù ń pèsè, kò sì tíì yí ẹ́ńjìnì kankan rí. Mo bi ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ iná lọ́dọ̀ yín pé fólítì mélòó, ìyẹn ìwọ̀n agbára iná, ló dé orí sítátà kí wọ́n tó tú u. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn, pé fólítì 6 ni wọ́n ń lò. Òótọ́ ni pé àwọn Ìjàpá tó ṣáájú tèmi lo fólítì 6, ṣùgbọ́n 12 ni tèmi ń lò, 12 náà ni wọ́n sì kọ gàdàgbà sára bátìrì tí ẹ̀yin fúnra yín tà fún mi.

Òórùn ló mú mi lọ ra mítà tí wọ́n fi ń wọn fólítì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta tí mo gbé ọkọ̀ náà kúrò lọ́dọ̀ yín, mo di kọ́kọ́rọ́ mú pẹ́ díẹ̀ nígbà tí kò fẹ́ gbiná, mo sì gbọ́ òórùn gírísì tó ń jóná. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo na ọwọ́ sí ibi tí okùn kílọ́ọ̀ṣì ti so mọ́ gíáàbọ́ọ̀sì, okùn náà sì jó mi ní ìka. Gírísì ti yọ́ kúrò lára rẹ̀, ó ń kán sílẹ̀ bí epo. Okùn irin tí ẹsẹ̀ ń fà ni, kò sí wáyà kankan tó lọ sórí rẹ̀, nítorí náà ohun kan ṣoṣo ló lè mú un gbóná tó bẹ́ẹ̀: iná tó yẹ kó gba ibòmíràn ló ń gba ara rẹ̀ kọjá.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ lé irin, mo yọ ọ́ kúrò nínú jíà, mo fa wáyà kọ́ọ̀lù yọ kí ẹ́ńjìnì má baà gbiná lé mi lórí, mo sì ní kí ọmọ mi bá mi di kọ́kọ́rọ́ mú. Kó tó yí i, fólítì 12.6 ló wà lórí bátìrì, ìyẹn ni pé iná kún inú rẹ̀ dáadáa. Bí sítátà ti ń tiraka, ó wálẹ̀ sí 10.8, kò burú. Láti orí bátìrì tó ní àmì ìròpọ̀ dé ẹnu sítátà, 0.3 péré ló sọnù lọ́nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ẹnu mítà kan ara sítátà, tí mo sì fi èkejì kan orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò, 2.6 ni mo rí níbi tí kò yẹ kó ju 0.3 lọ. Fólítì 7.9 péré ló kù tí sítátà fi ń bá ẹ́ńjìnì jà, bí gbogbo rẹ̀ bá sì ti gbóná, tí bàbà inú wáyà ń dènà iná ju ti ìgbà tó tutù lọ, kò lè ṣe é mọ́. Gbogbo ìwọ̀n yìí kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, bẹ́ẹ̀ n kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì.

Ọ̀gá mi, ẹ mọ̀ pé orí rọ́bà ni gíáàbọ́ọ̀sì àti ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yìí jókòó sí. Wáyà bàbà pẹlẹbẹ kan, tí wọ́n hun bí irun dídì, tí kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́, ni wọ́n fi so orí gíáàbọ́ọ̀sì mọ́ ara ọkọ̀ kí iná sítátà lè rí ọ̀nà padà sí bátìrì. Nígbà tí mo tú bọ́ọ̀tù rẹ̀, ọ̀dà dúdú yín ni mo bá lábẹ́ rẹ̀, ó nípọn, ó ń dán, láìsí ojú irin kankan níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yín tú wáyà náà, wọ́n kun ibi tó jókòó sí, wọ́n sì dè é padà lé orí ọ̀dà. Ibi tí bọ́ọ̀tù ti há ara rẹ̀ mọ́ irin nìkan ni iná rí gbà, ìyókù sì wá ọ̀nà gba okùn kílọ́ọ̀ṣì lọ.

Mo fi sáńpépà họ ojú ibẹ̀ títí irin fi funfun, mo fọ ẹnu wáyà náà, mo sì dè é le. Ìwọ̀n 2.6 di 0.1. Lẹ́yìn náà ni mo tú sítátà tuntun yín, mo sì dá ti àtijọ́ tí ẹ ní ó ti jó padà sí àyè rẹ̀, òun àti kọ́ọ̀lù àtijọ́. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí sítátà “jíjó” náà ti ń ṣíná ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní tútù àti ní gbígbóná.

Lórí bátìrì, n kò bá yín jiyàn pé èyí tó wà níbẹ̀ ti gbó. Ohun tí mo ń bá yín jà lé lórí ni pé abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì ọkọ̀ yìí wà, èyí tí ẹ fi síbẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ kò sì dá ìdérí rẹ̀ padà. Bí ènìyàn tó sanra díẹ̀ bá jókòó, sípíríǹgì àga á kan orí bátìrì. Mo yí àga náà dojú bolẹ̀, mo rí ibi méjì tí sípíríǹgì ti jóná, tìmùtìmù tó wà lókè rẹ̀ sì ti dúdú ní ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò. Àwọn ọmọ mi ló máa ń jókòó síbẹ̀.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ dá owó sítátà, owó kọ́ọ̀lù àti owó iṣẹ́ tí ẹ gbà lórí méjèèjì padà fún mi láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tí ẹ bá gba lẹ́tà yìí. Àwọn ẹrù náà wà nínú páálí wọn, ẹ lè rán ènìyàn wá gbé wọn. Mo fẹ́ kí ẹ fi okùn kílọ́ọ̀ṣì tuntun rọ́pò èyí tó gbóná yẹn, nítorí n kò lè fọkàn tán an mọ́, kí ẹ pèsè bátìrì tó bá àyè rẹ̀ mu pẹ̀lú ìdérí, kí ẹ sì bá mi wo gbogbo ibòmíràn tí wáyà ti kan ara ọkọ̀ lábẹ́ ọ̀dà tí ẹ kùn. Mo fi ẹ̀dà àwọn rìsíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti àwòrán ibi tí wáyà náà jókòó sí, kí n tó họ ọ́ àti lẹ́yìn tí mo họ ọ́, sínú lẹ́tà yìí. Bí ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn bá ti gba ọ̀dà lọ́wọ́ yín ní àkókò yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe àwọn tó ni wọ́n.

Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni, ní tòótọ́,
Oníbàárà yín tó ni Volkswagen 1969