Kí Ni Àwọn Ọmọ Wa Ṣe Tí Ẹ Fi Fẹ́ Ti Ilé Ẹ̀kọ́ Wọn Pa?

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi. Inú àpò ìwé ọmọ mi obìnrin ni mo ti bá lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ. Ó ti ká a sí mẹ́rin, ó fi í pamọ́ sábẹ́ ìwé ìṣirò rẹ̀. Ó ti kà á kí n tó rí i. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ girama àdúgbò wa pa, kí wọ́n sì pín àwọn ọmọ sí ibòmíràn tó jìn. Ọmọ náà wò mí lójú, ó ní, "Màmá, kí la ṣe fún wọn?"

Mi ò rí èsì fún un. Ìwé ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń kà á dáadáa. Lọ́dọọdún ni èsì ìdánwò àṣekágbá wọn ń dùn mọ́ wa nínú.

Àwọn aláṣẹ ní iye ọmọ ti dín kù, òrùlé ń jò, owó kò sì tó. Mo mọ̀ pé owó ìjọba kì í ṣe omi òjò, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òrùlé tó ń jò, ẹ tún un ṣe. Ní ti iye ọmọ, gbogbo àwa òbí la mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àhesọ bẹ̀rẹ̀ pé wọ́n fẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹ̀rù ba àwọn òbí kan, wọ́n tètè mú ọmọ wọn kúrò. Ìgbà tí wọ́n kúrò tán ni àwọn aláṣẹ wá ka iye tó kù, wọ́n ní kò tó mọ́!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ yìí ṣe fún mi. Nígbà tí ọmọ mi wọlé síbẹ̀, ẹ̀rù ìṣirò ń bà á débi pé ó máa ń fi ọwọ́ bo ìwé rẹ̀ tí tíṣà bá ń kọjá. Ìyá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kọ́ wọn. Wọ́n rí i, wọn ò bá a wí. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí aago ti lù tí àwọn yòókù ti lọ, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ní, "Fi èyí tí o ṣì hàn mí, ibẹ̀ ni màá ti mọ ibi tí ọ̀nà ti dàrú mọ́ ọ lójú." Odindi táàmù kan ni wọ́n fi ń jókòó tì í bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sanwó kankan fún wọn. Lónìí, òun ló ń ṣàlàyé ìṣirò fún àbúrò rẹ̀.

Wọ́n ní àwọn yóò pín àwọn olùkọ́ náà káàkiri. Ohun tó dùn mí jù nìyí, nítorí ó pẹ́ kí àwọn olùkọ́ tó mọwọ́ ara wọn. Tíṣà Físíìsì mọ ibi tí tíṣà ìṣirò bá ẹ̀kọ́ dé. Ẹni tó ń fi kíláàsì sílẹ̀ máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbà á pé, "Lágbájá kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ o." Bí ẹ bá tú wọn ká, ta ni yóò sọ ìyẹn?

Ní ọdún 2013, ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba bíi 50 pa lẹ́ẹ̀kan náà, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ níbẹ̀: ọmọ ò pọ̀ mọ́, owó ò tó. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Chicago wá rí i pé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà ti fà sẹ́yìn lọ́dún tí wọ́n kéde ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn kankan rárá. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tì yẹn ni wọ́n kà sí èyí tí kò ṣe dáadáa. Tiwa ń ṣe dáadáa. Ibo ni ẹ fẹ́ kó wọn lọ tí yóò sàn ju ibi tí wọ́n wà?

Ìrìn ìṣẹ́jú 15 ni ọmọ mi ń rìn báyìí. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, bọ́ọ̀sì méjì ni yóò máa wọ̀, òkùnkùn ni yóò sì máa bá jáde. Owó tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi pamọ́, àpò àwa òbí ni yóò ti máa jáde. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ò bá rí owó ọkọ̀ san á kàn jókòó sílé ni.

Abala 12 nínú àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 1989 sọ pé kí a gbọ́ tẹnu ọmọ lórí ohun tó bá kàn án. Ta ló bi àwọn ọmọ wa léèrè?

Mo bẹ àwọn aláṣẹ, ẹ dá ìpinnu yìí dúró. Ẹ gbé ìṣirò owó yín síta kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sì wá sí ilé ẹ̀kọ́ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní kíláàsì, kí ẹ fún ọmọ mi ní èsì ìbéèrè rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá ọmọ kan ní ilé ẹ̀kọ́ náà