Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja lódò Ògùn, ẹ rọra

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tómi bá mọ́ tẹ́ ẹ bá ń rí òkúta nísàlẹ̀, ẹja náà ń rí yín o! Ìyẹn làwọn ọmọ wa ò mọ̀, wọ́n á kàn dúró gbagidi létí omi, òjìji wọn á bọ́ sórí odò, ẹja á ti sá lọ, wọ́n á wá ní odò ò lẹ́ja mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà sẹ́yìn, ẹ lóṣòó, ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ lo okùn tín-ín-rín, kí òjé kékeré gbé ekòló dé ìsàlẹ̀ torí ibẹ̀ lọ̀bọ̀kún ti ń jẹun (ẹ ṣọ́ ẹ̀gún ẹ̀ o, ó ń roni gan-an).

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja odò wọn kan tó ń jẹ́ barbel nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irùngbọ̀n mẹ́rin ló fi ń wá oúnjẹ láàárín òkúta wẹ́wẹ́, wọn kì í sì í pẹja yìí lódò láti 15 Máàṣì sí 15 Júùnù, kó lè ráyè yé ẹyin. Àwa ńkọ́? Ó ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ nínú korobá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn padà sómi.

Èmi ni apẹja kan, Lafẹ́nwá, Abẹ́òkúta.