Sí ẹ̀yin ọmọ wa tó fẹ́ fi quartet (ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin) jẹun

Ẹ̀yin ọmọ wa onífáólìnì méjèèjì, onífíólà (fáólìnì tó tóbi díẹ̀) àti oníṣẹ́lò (èyí tó tóbi jù, tí wọ́n ń jókòó ta), ẹ kú iṣẹ́. Ohùn àti owó ló ń tú irú ẹgbẹ́ yín ká jù, torí àwọn méjèèjì ni ojú máa ń ti ọ̀rẹ́ láti sọ síra wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ohùn ná, ìyẹn bí ẹ ṣe ń to okùn kí ohùn yín lè bára mu. Bí kálukú bá yí okùn títí tí fóònù fi sọ pé ó ti pé, ẹ ò tíì bára mu. Bẹ́ẹ̀ náà, bí ẹ bá fi etí to okùn láti A sọ̀kalẹ̀ dé C ṣẹ́lò (lẹ́tà wọ̀nyí ni orúkọ okùn àti ohùn rẹ̀), tí gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí fáólìnì sì to E tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, E yẹn á ga ju ohun tí C ń fẹ́ lọ, bí ìdá kan nínú márùn-ún àlàfo tó wà láàárín kọ́kọ́rọ́ méjì tó tẹ̀ léra lórí dùùrù. Etí á gbọ́ ọ kedere. Kí ṣẹ́lò àti fíólà gbé G àti C wọn sókè díẹ̀. Bí C bá wà nísàlẹ̀, kí fáólìnì má ta okùn E lásán; kó fi ìka kẹrin tẹ E lórí okùn A, kó lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Bí ohùn bá dàrú, kí ṣẹ́lò di ohùn tirẹ̀ mú, kí fíólà bọ́ sí i, lẹ́yìn náà fáólìnì kejì, kí fáólìnì kìíní wọlé gbẹ̀yìn. Ẹ má gbọn ìka lórí okùn. Dípò “ìwọ lo ṣì í”, ẹ sọ pé “ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́”.

Ẹ fi opus 33 Haydn bẹ̀rẹ̀, àkójọ quartet mẹ́fà tí olórin ilẹ̀ Austria yẹn kọ ní 1781. Kò síbi tẹ́nikẹ́ni lè fara pamọ́ sí nínú rẹ̀. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí IMSLP, ìkànnì ìwé orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ àwọn olótùú àtijọ́ ti fi àmì tara wọn kún un. Ẹ ra ìtẹ̀jáde tó ṣeé gbọ́kàn lé, pẹ̀lú ìwé tí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lójú kan. Akin Euba, ọmọ Nàìjíríà tó kọ orin, náà kọ string quartet ní 1957. Ẹ wá a.

Ó wá kan owó. Kẹ́ ẹ tó gba òde àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i: ẹ pín owó sí ọ̀nà márùn-ún, ẹnì kọ̀ọ̀kan ọ̀kan, ìkarùn-ún sí àpò ẹgbẹ́. Okùn ṣẹ́lò wọ́n ju ti fáólìnì lọ. Àpò ẹgbẹ́ ni kó rà á. Ẹni tó ń pe oníbàárà, tó ń kọ lẹ́tà, ẹ fún un ní nǹkan lé, àìṣe bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ á kún, kò sì ní sọ. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò, kó sọ lóṣù mẹ́ta ṣáájú.

L'Ékòó, ìgbéyàwó ni yóò kọ́kọ́ bọ́ yín, iṣẹ́ gidi sì ni. Ẹ gba ìdajì owó sílẹ̀, ìyókù kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹ béèrè àga mẹ́rin tí kò ní apá, àti ìbòòji, torí oòrùn máa ń yọ́ gúlù tó so pákó pọ̀. Ẹ mú pẹ́ẹ̀gì aṣọ dání fún ìwé orin. Lákòókò ọyẹ́, pákó á gbẹ, èèkàn tẹ́ ẹ fi ń yí okùn á máa yọ̀. Ẹ tètè débẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ síta, Banff ní Kánádà ń ṣe ìdíje quartet lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ ka òfin fídíò wọn dáadáa kẹ́ ẹ tó gbà á sílẹ̀. Ṣẹ́lò á gba ìjókòó tirẹ̀ nínú bàálù, tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún nìyẹn. Kí àpò ẹgbẹ́ ti tó o san kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀.