Láti etí odò Tyne

Jarrow, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìbejì ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Àwa níhìn-ín dúpẹ́, òtútù nìkan ló ń bá wa fínra.

Ọ̀rọ̀ tó o sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́sí kò kúrò lọ́kàn mi. O ní òbí kan wá bá ọ nílé ẹ̀kọ́, ó ní kí lọmọ òun fẹ́ fi Yorùbá ṣe láyé, kó o jẹ́ kó gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ tó lérè. Bí ohùn rẹ ṣe rẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà dùn mí, mi ò sì mọ ohun tí mo lè fi tù ọ́ nínú. Sátidé tó kọjá ni mo wá lọ síbì kan nílùú wa yìí. Jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún ọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ni wọ́n ń pè é. Ibi tí odò kékeré kan, Don, ti ń ṣàn wọ odò ńlá Tyne ló wà. Tí omi bá fà, ẹrọ̀fọ̀ lásán ni wàá rí níbẹ̀. Ọba Ecgfrith ló fi ilẹ̀ náà ta mọ́ńkì kan, Benedict Biscop, lọ́rẹ, kó fi kọ́ ilé fún àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà. Ó ti kọ́ irú rẹ̀ kan lẹ́nu odò Wear lọ́dún 674. Ìwé ni ọkùnrin yìí ń wá kiri. Léraléra ló lọ sí Róòmù, kì í sì í bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó fẹ́ fi gíláàsì sí fèrèsé ilé ti Wear, kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfìgbà tó ránṣẹ́ sílẹ̀ tí à ń pè ní Faransé lónìí. Àwọn tó wá kọ́ wa níwèé, àwọn náà kọ́ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni! Kódà, ọmọ Áfíríkà wà lára àwọn olùkọ́ wọn nígbà náà. Hadrian lorúkọ rẹ̀, Canterbury ló ti ń kọ́ni. Bede, mọ́ńkì òǹkọ̀wé kan ní Jarrow yìí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kan lára akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbọ́ Látìn àti Gíríìkì bí ẹni gbọ́ èdè abínibí.

Òkúta tí wọ́n fi sàmì ọjọ́ ìyàsímímọ́ ti Jarrow ṣì wà lára ògiri: 23 oṣù Kẹrin, ọdún 685. Mo dúró lábẹ́ rẹ̀, mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń dùn mí.

Bede tí mo dárúkọ yẹn, ọmọ ọdún méje ni nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ fà á lé Benedict lọ́wọ́. Lọ́dún 686, àjàkálẹ̀ àrùn wọ ilé náà. Gbogbo àwọn tó lè kàwé, tó sì lè kọrin nínú ìsìn ló kú, àyàfi Ceolfrith olórí wọn àti ọmọdékùnrin kan. Àwọn méjèèjì ní àwọn á máa kọ Sáàmù láìsí ègbè, torí ta ni yóò gbè é? Ọ̀sẹ̀ kan péré, Ceolfrith ò lè fara dà á mọ́. Tẹkúntẹkún ni wọ́n fi dá ègbè padà, àgbà kan, ọmọdé kan, nínú ilé òkúta tó dá páropáro. Ẹni tó kọ ìtàn náà ò dárúkọ ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gbà pé Bede ni. Ìyá Ìbejì, mo jókòó síbẹ̀, omi bọ́ lójú mi.

Nígbà tó yá, ilé méjèèjì di ojúko ìwé. Ọ̀kan nínú Bíbélì ńlá mẹ́ta tí wọ́n fọwọ́ kọ lórí awọ ṣì wà ní Florence ní Ítálì. Bede fúnra rẹ̀ parí ìtàn ìjọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 731, Látìn ló sì fi kọ ọ́, torí Látìn ni èdè ìwé. Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, èdè ilé ni, èdè darandaran.

Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an nìyí. Lọ́dún 734, ó kọ lẹ́tà sí bíṣọ́ọ̀bù kan pé òun ti túmọ̀ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àti Àdúrà Olúwa sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn àlùfáà tí kò gbọ́ Látìn. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 735, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, mímí di ìjàkadì, síbẹ̀ Ìhìn Rere Jòhánù ló ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń pè é, àwọn ọmọ iléèwé ń kọ ọ́. Ó ní kí wọ́n pe àwọn àlùfáà wá kó pín ohun tó ní fún wọn: ata, aṣọ ìnuwọ́ díẹ̀, àti tùràrí. Nírọ̀lẹ́, ọmọ tó ń kọ̀wé ní, “Olùkọ́, gbólóhùn kan ló kù.” Ó ní kó yára kọ ọ́. Ọmọ náà kọ ọ́ tán. Bede jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó ti máa ń gbàdúrà, ó kọrin Ògo fún Baba, ó sì dákẹ́.

Kò sí ojú ìwé kan tó kù nínú ìtumọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà ni òbí tó wá bá ọ nílé ẹ̀kọ́ ń sá tẹ̀lé lónìí. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther tiwa náà jókòó ti irú iṣẹ́ yìí: ìwé Róòmù jáde ní Yorùbá lọ́dún 1850, odindi Bíbélì lọ́dún 1884. Iṣẹ́ wọn lo dì mú ní kíláàsì rẹ yẹn.

Àwọn jàgùdà ojú omi dé ní 794. Wọ́n kó egungun Bede lọ sí Durham lẹ́yìn náà. Abúlé yìí di ìlú tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi láti 1852. Nígbà tí iṣẹ́ pa rẹ́, igba ọkùnrin fẹsẹ̀ rìn láti ibí dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1936 láti bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́.

Mo fi fọ́tò fèrèsé kékeré kan sínú àpò ìwé yìí. Gíláàsì ìgbà náà ni wọ́n tò sínú rẹ̀. Fi han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Jọ̀wọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ níhìn-ín, bá mi fi ìwé kíkà Yorùbá ti kíláàsì kìíní rán an, méjì. Àbúrò ti ń jowú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́