Ìtàn Kòfowórọlá Pratt kò parí sí Lọ́ńdọ̀nù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ojú ìwé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì nígbà Ọjọ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì Lágbàáyé, 12 oṣù karùn-ún, inú mi sì dùn pé ẹ rántí Olóyè Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́ lẹ̀yin náà ṣe kọ ọ́: obìnrin ará Èkó tó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ní òun ni nọ́ọ̀sì adúláwọ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ṣe nígbà tó padà délé, ẹ fi ìlà díẹ̀ kádìí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká tẹsẹ̀ dúró sí, nítorí ibẹ̀ ló ti kan àwa ará Òṣogbo.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo fi jẹun. Nígbà tó yá, mo di olùkọ́ àwọn agbẹ̀bí, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ lè sọ pé ara ilé ló ń gbèjà ara ilé. Mi ò ní jiyàn.

Tíṣà ni Pratt kó tó di nọ́ọ̀sì, èyí sì máa ń fo àwọn tó ń kọ̀tàn rẹ̀ dá. Nọ́ọ̀sì ló wù ú láti kékeré, bàbá rẹ̀ ni kò fọwọ́ sí i, torí ojú yẹpẹrẹ ni wọ́n fi ń wo ọmọ ilẹ̀ wa tó bá ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba àmúnisìn nígbà náà. Ló bá gba United Missionary College lọ ní Ìbàdàn, ó kọ́ṣẹ́ tíṣà, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní CMS Girls' School, Èkó. Ọdún 1946 ló tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú ọba. Apòògùn ni ọkọ rẹ̀, iṣẹ́ dókítà ló lọ kọ́. Ìyàwó wá rí àyè ṣe èyí tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. Aláìsàn kan wà ní wọ́ọ̀dù níbẹ̀ tó ní adúláwọ̀ kankan kò ní tọ́jú òun. Ó gbé e mì. Ní 1950 ó gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, ó kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí àti ìtọ́jú àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru mọ́ ọn.

Ó padà wálé ní 1954. Ẹ wá wo ohun tó bá nílé. Ẹni tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì St Thomas', tí Florence Nightingale, ìyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òde òní, fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, béèrè iṣẹ́ sísítà wọ́ọ̀dù, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ń darí wọ́ọ̀dù, ní UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ìbàdàn, wọ́n ní rárá, àwọn òyìnbó tó wá láti ìlú ọba ni wọ́n ya ipò yẹn sọ́tọ̀ fún. Ní Ìbàdàn o! Aláìsàn Lọ́ńdọ̀nù yẹn, ìrora wà lára rẹ̀, a lè ní ara ló ń ni ín. Ti Ìbàdàn yìí, òfin iṣẹ́ ni, ẹni tí ara rẹ̀ le koko ló jókòó tó kọ ọ́. Lójú tèmi, òun ló burú jù nínú méjèèjì, síbẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo èèyàn ń sọ.

Wọ́n padà gbà á. Nígbà tó fi máa di 1964, òun ni mátírọ́ọ̀nù UCH, olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ẹlòmíì ì bá jókòó síbẹ̀ kó máa gba kíkí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tíṣà kò kúrò lára rẹ̀: ní 1965 ó wà nídìí bí ẹ̀ka ìmọ̀ nọ́ọ̀sì ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kó tó dìgbà náà, nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ gba oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní láti wọkọ̀ òfuurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi. Ọdún kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fi í ṣe olórí gbogbo nọ́ọ̀sì lórílẹ̀-èdè yìí. Àwọn ẹ̀yẹ tó kù, kọmíṣọ́nnà ètò ìlera l'Ékòó láti 1973, àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale lọ́dún yẹn kan náà, mi ò ní fi wọ́n gùn. Ó kú ní 1992. Lọ́ńdọ̀nù kò gbàgbé rẹ̀, wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sọ ètò kan tí wọ́n fi ń ti àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí lẹ́yìn.

Olóòtú, ìdí tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu rèé. Lójoojúmọ́ là ń pariwo pé àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ. Ní 2024, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí gbé e jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fọ́dún méjì nílé lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó lè bá a jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún àwọn ará òkè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì yarí, wọ́n fẹ̀hónú hàn. Mi ò fẹ́ gbèjà apá kankan nínú lẹ́tà yìí. Ohun tí mo rí ni pé ẹnu ọ̀nà ìjáde nìkan ni gbogbo wa dojú kọ. Ta ló ń ṣọ́ ti àbáwọlé? Mo mọ agbẹ̀bí kan tó padà dé pẹ̀lú oyè gíga nínú bí a ṣe ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí. Níbi tó ti lọ béèrè iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n ní kò sáyè, pé bó bá fẹ́, kó wá máa ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ipò tó wà kó tó lọ. Ó ṣe é fúngbà díẹ̀. Nísinsìnyí, ìlú ọba ló ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kò sí òyìnbó kankan tó di ipò yẹn mú lọ́tẹ̀ yìí.

Bóyá ìdí tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ kò fi ká àwọn èèyàn lára ni pé wọ́n rò pé ká dúró síwájú pátákó ká máa pe ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dà kọ ni. Ẹ tẹ̀lé mi dé lébà rúùmù. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé ọwọ́ lé ikùn aboyún, ó ní ẹ̀yìn ọmọ wà lápá òsì. Olùkọ́ kò ní dá a lóhùn. Ó máa bi ìyá léèrè bóyá kí òun náà fọwọ́ kàn án, ó máa gbé ọwọ́ tirẹ̀ síbẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa mú ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn padà síbi tí ẹ̀yìn ọmọ wà gan-an. Ó máa ní kó gbọ́ ọkàn ọmọ, kó kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan, kó má ṣe méfò: ó yẹ kó wà láàárín 110 sí 160. Bí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú kan ni abẹ́rẹ́ oxytocin, yúnìtì 10, gbọ́dọ̀ ti wọ ara ìyá kí ilé ọmọ lè sún kì. Lẹ́yìn èyí, ibi ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ máa tẹ́ ẹ sílẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò kínníkínní bóyá ó pé, torí èyí tó bá já kù sínú lè ṣekú pani. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Bó bá ti tó mílílítà 500, ewu ti dé, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í wá nínú ife. Aṣọ ló máa ń fà á mu, ilẹ̀ ló máa ń ṣàn sí, ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì là máa fojú di í. Ẹni tó ti rí i rí ló ń la ojú yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pọ̀ yí bẹ́ẹ̀dì kan ká láìsí olùkọ́ nítòsí, ìran ló ń wò.

Ará Òṣogbo ni wá, a ò ní ṣe bí ẹni pé ìgbà tí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn ni wọ́n tó ń bímọ nílùú yìí. Ọ̀pọ̀ abiyamọ ṣì ń gba ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àbíyè lọ, àwọn mìíràn nínú wọn sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé aboyún sáré. Ìgbà tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa tán ni ẹ̀kọ́ tí mo ń sọ yìí máa hàn.

Kì í sì í ṣe ohun tí kò sí rí nílẹ̀ wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ní Ìmẹ̀sí-Ilé tí kò jìnnà sí wa, Dókítà David Morley láti ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, dá kíníìkì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Dókítà kan kò lè rí gbogbo ọmọ, nítorí náà ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa yẹ ọmọ wò, kí wọ́n máa tọ́jú èyí tí wọ́n lè tọ́jú, kí wọ́n sì máa kọ ìwọ̀n ọmọ sórí káàdì tí ìyá ń gbé lọ sílé. Káàdì yẹn ló tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ẹnì kan jókòó kọ́ dáadáa ló ṣiṣẹ́ náà.

Ẹni tó bá dúró ní Ọláìyá, nílùú wa níbí, láàárọ̀ máa rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n ń wọ́kọ̀. Orí mi máa ń wú. Jákèjádò Nàìjíríà, wọ́n ń sọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì di kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní ND àti HND. Ó dára. Pátákó ìta ló yá jù láti kùn. Ilé la sì ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa sọ fún wa iye olùkọ́ tó wà fún iye akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbà wọlé, kí wọ́n gba àwọn olùkọ́ tó kù, kí agbẹ̀bí tó bá sì ti òkè òkun dé pẹ̀lú ìmọ̀ ìkọ́ni bọ́ sí ipò tó bá ìmọ̀ rẹ̀ mu.

Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín, Olóòtú. Àwọn arúgbó tó kọ́ àwọn agbẹ̀bí ìpínlẹ̀ yìí ṣì wà láyé, ní Òṣogbo, ní Iléṣà, ní Ilé-Ifẹ̀. Nínú wọn, a rí ẹni tó mọ UCH nígbà tí Pratt ṣì ń rìn láàárín wọ́ọ̀dù. Ẹ rán akọ̀ròyìn sí wọn. Ọjọ́ ọjà ni kó má lọ, ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù, kó sì jẹ́ kí bátìrì fóònù rẹ̀ kún dáadáa, torí wọn kì í tètè dákẹ́.

Èmi ni tiyín,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo.